Ta Ló Sọ Pé Ó Ti Dé?

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo fẹ́ pa, kó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé Alhaja Kàrímọ́tù ní Lókòjá àtijọ́, kó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà kan ti Mọ́nsúrù ọmọ rẹ̀ han òun. Ó ṣì wà nídìí àkàbà. Ẹni tó ni ín kò tíì lọ mú un, èmi náà ò sì ní bá a mú un.

Nehemiah ni orúkọ mi. Ìyàrà nílẹ̀ Ọ̀kun ni wọ́n ti bí mi, àdúgbò Crusher ní Lókòjá ni mo ń gbé, díìṣì tẹlifíṣọ̀n ni mo ń so. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mi ò gba iwin gbọ́. Mítà ni mo gbà gbọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Alhaja ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Huda, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wà ní Àbújá níbi mùsábákà, ìdíje kíké Àlùkùránì. Ó ti dé ìpele àṣekágbá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, bó bá ṣe ń lọ lọ́wọ́ gan-an. Orúnkún ò jẹ́ kí Alhaja lè rìnrìn àjò náà, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Nehemiah, mi ò tíì rí i kó ké e níwájú àwùjọ rí. Má jẹ́ kí wáyà fi dù mí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tán kí n tó rí wáyà náà.

Igi máńgòrò ńlá kan ló bo gbogbo òrùlé ilé. Díìṣì sì gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run. Alhaja ní ẹni tó bá gé igi òun, òun á bá a fà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé díìṣì lọ sórí ilé ìkẹ́rùsí ní ìpẹ̀kun ọgbà, níbi téèyàn ti ń gbóòórùn odò. Láti ibẹ̀ dé pálọ̀, àádọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ ni. Ẹni tó kọ́kọ́ so ó lo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ó já a sí mẹ́ta, ó wá fi ọ̀rá wé ojú rẹ̀ bí ẹni ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Nídìí díìṣì, mítà tí mo fi ń wọn agbára àwòrán ka méjìdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ní pálọ̀, ó ka ọgbọ̀n. Ojú ọ̀nà ni agbára ń tán sí.

Mo fa wáyà tuntun tó nípọn, mi ò so ó níbì kankan láàárín. Mo fi bọ́ọ̀sítà kan sí i, ẹ̀rọ kékeré tí kò ju ìka méjì lọ, tó ń fún ohun tó bá wọ inú wáyà lágbára. Ìdí díìṣì ni mo fi í sí. Aláìmọ̀kan ló ń fi í sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ariwo tí wáyà kó lọ́nà ni yóò máa fún lágbára níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí: ohun tó bá ṣáà ti wọlé ni bọ́ọ̀sítà ń gbé ga. Kì í béèrè orúkọ.

Ó wá ku yíyí díìṣì. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹnì kan á wà lókè tó ń yí i, ẹnì kan á wà ní pálọ̀ tó ń wo àwòrán, tó ń ké pé, "Ó ti dé! Ó ti lọ!" Mọ́nsúrù, àkọ́bí Alhaja, ló gba iṣẹ́ pálọ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sanra, ó sì fẹ́ràn yẹ̀yẹ́. Ìgbàkígbà tó bá rí mi, ìkíni àwọn ará ilé wa ló fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́: "Ọ̀kun o!"

Mo gun àkàbà. Ọgbà dákẹ́. Ewé kan ò mì. Adìẹ tó ń ta ilẹ̀ nídìí ògiri gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ọ̀kun o," ohùn kan wí.

"Bọ̀dá Mọ́nsúrù, ẹ fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀, ẹ wo àwòrán!"

"Yí i sọ́tùn-ún."

Mo yí i.

"Díẹ̀ sí i. Ó ti lọ. Dá a padà. Díẹ̀. Ó ti dé. Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Kò pariwo. Ìyẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Pẹ̀lú gbogbo jíjìn yẹn, ohùn náà dún bí ẹni tó fara ti èjìká mi. Ṣùgbọ́n mítà ka márùndínláàádọ́rùn-ún, inú mi sì dùn ju kí n máa ronú lọ. Mo di nọ́ọ̀tì, mo sọ̀ kalẹ̀, mò ń súfèé.

Ilẹ̀kùn pálọ̀ wà ní títì. Mo kàn án. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Mo yọjú lójú fèrèsé: àwòrán ń dán gbinrin, àga ṣófo. Alhaja wà ní ẹ̀yìnkùlé lórí ẹní ìrun. Ibi tí mo ti ń wò ni Mọ́nsúrù ti gba ẹnu ọ̀nà ìta wọlé, tèsùbáà lọ́wọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kejì.

"Má bínú, Nehemiah, mọ́sálásí ni mo sáré dé. Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ta ló wà ní pálọ̀?"

"Ta ni ì bá wà níbẹ̀? Kọ́kọ́rọ́ rèé."

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ó ní òòrùn ló pa mí. Mo ní kó tẹ̀ lé mi. Ó dúró nídìí àkàbà, mo gòkè, mo tú ẹnu wáyà.

"Ó ti lọ o," ohùn náà wí.

Mo so ó padà.

"Ó ti dé."

Mo tún tú u.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n wò ó ni, àbí o ò fẹ́?"

Nígbà tí mo fi máa wo ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ló kù nídìí àkàbà. Mọ́nsúrù ti kọjá igi máńgòrò. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó sanra tó bẹ́ẹ̀ lè fo agbada omi. Èmi náà bá a níwájú ilé, mi ò rántí bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá arúgbó ni," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ará Ìlọrin pọ́nńbélé bíi tiwa."

"Kì í ṣe arúgbó rárá. Ará Ìyàrà ni. Ó kí mi!"

Àwa méjèèjì búra. Kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì.

Mo forí lakú, mo padà lọ yọ bọ́ọ̀sítà. Ohùn náà dákẹ́. Adìẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ní pálọ̀, àwòrán fọ́ wẹ́wẹ́. Imú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. Alhaja tẹ ọ̀pá wọlé, a sì ròyìn fún un.

"Ohun tó ń sọ, ṣé òótọ́ ni?" ó béèrè.

"Òótọ́ ni, Màmá. Kò ṣì lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ lọ dá a padà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Àáké yìí ń sọ̀rọ̀, Màmá," Mọ́nsúrù wí.

Alhaja wò ó. Ó wò mí. Mo lọ. Bí mo ṣe ń so bọ́ọ̀sítà padà, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú sí wa." Kò dá mi lóhùn. Bóyá inú ṣì ń bí i.

Aago márùn-ún lù. Huda jókòó sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, híjáàbù funfun lórí. Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń ṣàn. Ètè Alhaja ń bá a lọ. Àfi bó ṣe dákẹ́. Ẹnu ọmọ náà ṣí. Ojú rẹ̀ ò ṣẹ́.

"Ó ti há!" Mọ́nsúrù pariwo. "Nehemiah, wáyà rẹ!"

Mo wo mítà. Márùndínláàádọ́rùn-ún. Mo tún wo àwòrán. Fáànù ń yí lẹ́yìn ọmọ náà.

"Kò há, Bọ̀dá. Ọmọ náà ló gbàgbé."

Alhaja mọ ọ̀rọ̀ tó kàn. Ó pè é, ó tún un pè, omi lójú. Ṣùgbọ́n Àbújá jìn. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé ẹ̀rù.

Nígbà náà ni ohùn náà wá láti ìpẹ̀kun ọgbà. Ó rọra sọ ọ̀rọ̀ kan. Lárúbáwá ni, mi ò gbọ́ ọ. Alhaja gbọ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, Huda yíjú bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn. Ó mú ọ̀rọ̀ náà. Ó ké e dé ìparí, kò tún kọsẹ̀.

Díìṣì ń gbà ni, kì í fúnni. Kò sí ohun tó ń gba inú wáyà yẹn gòkè lọ síbì kankan. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n.

Kó tó di alẹ́ pátápátá, ọmọ náà pè. Alhaja gbé fóònù sáàárín wa kí gbogbo wa lè gbọ́. Ipò kejì ló ṣe. Ìyá àgbà kò tilẹ̀ béèrè ìyẹn.

"Níbi tó o ti dákẹ́, ta ló rán ẹ létí?"

"Mi ò mọ̀, Màmá àgbà. Ẹnì kan sọ ọ́ sí mi létí. Mo wẹ̀yìn, ògiri ni. Nígbà tí mo ké e tán, ó tún sọ nǹkan kan. Kò yé mi."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Ó ti dé. Má fọwọ́ kàn án mọ́.'"

Mọ́nsúrù gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò wọ bàtà sórí àga. Mo kó irinṣẹ́ mi. Sípánà kan ṣẹ́kù lórí ilé ìkẹ́rùsí. Mo ti ra òmíràn.