Ásíìdì Tí Kì Í Tètè Dunni

"Agbẹjọ́rò, ìbọ̀wọ́ mi ti ya o."

Jẹ́jẹ́ ni Kíákíá sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí kò lè fi ẹnu tú, yíjú sí i. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń wọ̀ nu tábìlì ni Kíákíá, ọmọbìnrin náà, wọ̀. Ó ti ya níbi orí ìka, ásíìdì sì ti kán wọ inú rẹ̀.

Iṣẹ́ sílíkọ́nì ni àwọn onífísíìsì yunifásítì kan ń ṣe nínú yàrá ìwádìí yìí; akẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹgbẹ́ wọn ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì. Sílíkọ́nì kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá fàlàlà, kì í sì í dí i pa. Bí a bá ṣe tọ́jú rẹ̀ ni yóò ṣe ṣiṣẹ́. Òun ló wà nínú fóònù tí gbogbo wa ń tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń gé e, wọn a sì fi ásíìdì kan bó awọ tí afẹ́fẹ́ fi bò ó kí wọ́n tó kọ́ ohunkóhun lé e lórí. Ásíìdì náà burú. Ó ń jẹ gíláàsì, ike ni wọ́n ń gbé e sí. Bí ó bá kan ara ènìyàn, ó lè má dun onítọ̀hún lójú ẹsẹ̀. Á rọra wọlé, á máa wá egungun lọ.

Ìdí nìyẹn tí ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn fi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Kíákíá bá wọ̀ ọ́, ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń mú pẹlẹbẹ sílíkọ́nì kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Pẹlẹbẹ kan ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ó sì fọ́. Ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an ni yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ han gbogbo ẹgbẹ́, ló bá pa ìbọ̀wọ́ gidi tì. Orúkọ a máa ro ọmọ.

Ó fi omi ẹ̀rọ ṣan ọwọ́ náà títí. Ìpara tí ó ń pa oró ásíìdì náà wà lára ògiri, wọ́n fi ìwé pupa lẹ ẹnu rẹ̀. Òfin Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ náà, kò le: ẹnikẹ́ni lè já ìwé náà láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n tí o bá ti já a, o gbọ́dọ̀ sọ fún un kí o tó jáde.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?" Agbẹjọ́rò bi í.

"Rárá."

"Ó parí nìyẹn. Tó o bá já ìwé yẹn, ìbọ̀wọ́ tó o wọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Ṣé bùọ̀dá tí ò wọ awò ojú lọ́jọ́sí ṣì wà láàárín wa?"

"Wọ́n ti lé e."

"Ṣé o rí i? Pa ẹnu ẹ mọ́, jàre."

Kíákíá na ọwọ́ sí ìpara náà, ó sì tún fà á padà. Ẹ̀rù bà á.

Lọ́sàn-án, ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Bí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ ni ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó kíkankíkan. Nígbà tí ó fi máa délé, orí ìka ti funfun, ìrora náà sì ti wọ egungun.

Ìyá rẹ̀, tí ó jẹ́ aránṣọ, dá ẹ̀rọ dúró. "Kí ló ṣe ẹ́ lọ́wọ́?"

"Ilẹ̀kùn ló há a, mà."

Ìyá fọwọ́ kan ìka náà pẹ́rẹ́, Kíákíá figbe ta.

"Ilẹ̀kùn wo ló ń ṣe báyìí?"

Kíákíá ti rántí ohun tí wọ́n kọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́: ásíìdì yìí lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì dá ọkàn dúró. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Àyà náà ń lù kìkìkì, kò sì mọ̀ bóyá ásíìdì ni tàbí ìbẹ̀rù.

"Màámi, irọ́ ni mo pa. Ásíìdì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò fẹ́ kú."

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò pariwo lórí fóònù. "Ẹ máa gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí, mà. Mò ń gbé ìpara bọ̀ níbẹ̀." Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ba Kíákíá lẹ́rù ju ariwo lọ.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ sí ìka, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọkàn rẹ̀ títí ewu fi kọjá. Ẹ̀mí kò bọ́. Ṣùgbọ́n dókítà gé orí ìka náà, nítorí pé ó ti kú. Ó ní ká ní wọ́n tètè fi ìpara pa á ni, bóyá èékánná nìkan ni ì bá bá a lọ.

Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, omi lójú. "Ọmọ mi, ta lo bẹ̀rù tó báyìí?"

Kíákíá wo ilẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, mà. Wọ́n lé bùọ̀dá kan torí awò ojú."

Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wá àga jókòó. "Bùọ̀dá yẹn, kì í ṣe torí awò ojú ni mo ṣe lé e. Ó purọ́ fún mi ni. Gbogbo yín lẹ máa ṣe àṣìṣe, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tí mo fi gbé ìpara kọ́ ògiri nìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Agbẹjọ́rò wá kí i lọ́jọ́ kejì. Ó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ẹnu tí ó ń tú gbogbo ẹjọ́ kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ ìmọ̀ràn tí ó gba Kíákíá, wọ́n dá àwọn méjèèjì dúró, wọn kò gbọdọ̀ wọ yàrá ásíìdì mọ́ títí ọdún ẹ̀kọ́ náà yóò fi parí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí kò lè ṣàṣìṣe. Fífi í pa mọ́ ló ń sọ kékeré di ńlá. Ẹ tètè sọ̀rọ̀, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà yín. Ìbáwí á kọjá lọ. Ìka tí wọ́n bá gé kì í hù padà.