Epo Lára Búùtù Bàbá

"Gbé e wọ̀ jàre, ta ni yóò mọ̀?"

Ohun tí Purity sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Màrdíyyàh, nìyẹn lẹ́yìn kíláàsì, ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe eré orí ìtàgé ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ìlọrà. Màrdíyyàh ni yóò ṣe sójà nínú eré náà. Sójà wo ló sì ń wọ sáńdàlì ilé ẹ̀kọ́? Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti ki búùtù awọ bàbá rẹ̀ bọ inú báàgì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi àkísà dí iwájú rẹ̀ kí ó lè gba ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ó sì gbé e wọ̀.

Bàbá náà ti ṣaláìsí. Katakata ló ń wà fún àwọn olóko nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí ẹbí jókòó láti pín ẹrù rẹ̀, wọ́n ní àbúrò rẹ̀, Sìrájù, ni búùtù yìí tọ́ sí, torí ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀. Ìmínì ni Sìrájù ń gbé, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń pè é ní Bàbá Ìmínì. Ìyá Màrdíyyàh ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí búùtù náà ṣì wà nínú yàrá òun títí òun yóò fi jáde opó.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá ni nǹkan kan ti kú lára Màrdíyyàh. Àwọn aládùúgbò ní ọmọ náà gbójú. Kò gbójú o, ara rẹ̀ ni kò mọ nǹkan kan mọ́. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín, òun náà á la eyín, kò níí mọ ohun tí wọ́n ń rín.

Eré parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun lẹ́yìn eré, ẹnìkan fi èjìká gbá Purity, ọbẹ̀ ẹ̀wà àgànyìn tó gbé dání sì dà sórí búùtù ọ̀tún. Epo pupa bò ó níwájú.

"Màrdíyyàh, má bínú," ni Purity wí. "Jẹ́ ká jọ lọ sọ fún màmá ẹ."

"Rárá. Màá nù ún nílé."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé bàtà ẹlòmíì ni.

Nígbà tó délé, ó gbé búùtù náà pamọ́ sẹ́yìn àgbá omi, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀. Ìyá jókòó sórí ẹní, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

"Màámi, tí epo bá dà sí awọ, kí ni wọ́n ń fi ń yọ ọ́?"

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Sofiyullah, àkọ́bí rẹ̀, ti ń gun ọ̀kadà láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, òórùn epo bẹntiróò a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ti tún da epo sí bàtà, àbí? Ọṣẹ àti omi ni. Kó fi kànìnkàn fọ̀ ọ́ dáadáa, kó sá a sóòrùn. Òórùn ẹ̀ á lọ."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi wò ó. Epo tí ìyá gbọ́ ni èyí tí wọ́n ń rọ sí ọ̀kadà. Epo tí ọmọ ń sọ ni ti inú ọbẹ̀. "Epo pupa" péré ló yẹ kí Màrdíyyàh fi kún un, ìyá ì bá sì bi í pé awọ wo ni. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi sọ ọ́. Ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Ó gbé búùtù náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Epo náà kò lọ, ńṣe ló ń ràn. Ó tún fi ọṣẹ kún un, ó ha á títí aró awọ fi ń ṣàn jáde sínú omi. Lẹ́yìn náà ló sá a sórí páànù ilé adìyẹ. Nígbà tí oòrùn máa wọ̀, búùtù ti le gan bíi panla. Ibi tí epo wà dúdú, ibi tí ọṣẹ dé funfun wúkuwùku. Màrdíyyàh wò ó. Kò bẹ̀rù, kò sì dùn ún. Nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá, ó dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá.

Kò pẹ́ tí ìyá jáde opó. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Ìmínì dé.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi," ni ìyá fi kí i.

"Ìyàwó, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run á foríjin ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá gbé búùtù wá, ó tú ọ̀rá. Ó gbé búùtù ọ̀tún yẹ̀ wò. Ló bá yíjú sí Sofiyullah tó ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ lo rán àbúrò ẹ wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ epo lọ́jọ́sí. Bàtà bàbá ẹ lo wọ̀ gun ọ̀kadà?"

"Màámi, mi ò fọwọ́ kàn án rí."

"Ta ló ń da epo nínú ilé yìí tí kì í bá ṣe ìwọ?"

Bàbá Ìmínì mi orí. "Sofiyullah. Ìwọ tí a gbé ilé lé lọ́wọ́."

Sofiyullah gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo Màrdíyyàh. Ó rọrùn fún Màrdíyyàh láti dákẹ́, dídákẹ́ ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rù bà á gan-an fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo wọ̀ ọ́ lọ ṣe eré. Epo pupa ló dà sí i, kì í ṣe epo ọ̀kadà."

"Epo pupa?" ni ìyá wí. "Láfún gbígbẹ la máa ń bù lé e, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, á fa epo náà mu. Omi kì í kàn án. Bí mo ṣe ń ṣe é fún bàbá ẹ nìyẹn. Ta ló ní kó o fi omi fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Ìyá rọra jókòó.

Bàbá Ìmínì bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ búùtù ọ̀tún. Ẹsẹ̀ há. Ó fà á, awọ náà sì ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yọ ẹsẹ̀, ó to méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Kò wọlé," ló wí. "Mo ti sọ fún àwọn ará ilé pé bàtà ẹ̀gbọ́n mi ni màá wọ̀ bọ̀ lónìí."

Ó wọ sílípáàsì rẹ̀, ó sì lọ.

Màrdíyyàh kúnlẹ̀ níwájú Sofiyullah. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo ti gbọ́," ni Sofiyullah wí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀, ó jáde.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" ni ìyá bi í.

"Mo rò pé ẹ máa bínú, mà."

"Ǹ bá bínú. Ǹ bá bínú gan-an. Ìbínú náà ì bá ti tán báyìí, bàtà ì bá sì ṣì wà."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ Màrdíyyàh, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó lè gbà yín. Bí ẹ bá fi ìdajì pamọ́ nítorí ẹ̀rù ìbínú, ìmọ̀ràn tí yóò ba nǹkan jẹ́ ni wọn yóò fún yín, ẹ ò sì níí rí wọn bá wí.