Àgbò Méjì àti Sípíkà Aláìníwáyà

Lọ́dún 1992, kò sẹ́ni tó ń ṣe fáàrí ní àdúgbò Ṣàngó tó Hàrúnà, ọkùnrin tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà-Ọba. Garba, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Mẹ́kà, ló fi sípíkà méjì ránṣẹ́ sí i. Sípíkà aláìníwáyà! Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wà ní yàrá, wọ́n so àpótí kékeré kan tó bá sípíkà náà wá mọ́ ọn, orin sì ń dún kíkankíkan ní pálọ̀.

"Ẹ wá wáyà níbẹ̀ kí ẹ rí i!" ni Hàrúnà máa ń wí fún àlejò, á sì máa fọwọ́ gbá afẹ́fẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣọdún Iléyá, Garba tún fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Ohùn ara rẹ̀ ló gbà sínú rẹ̀ dípò lẹ́tà. Hàrúnà ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, òun àti Bàríkísù ìyàwó rẹ̀ jókòó ti sípíkà.

"Àbúrò mi," ni Garba wí, "àgbò méjì ló wà fún ọ lóko. Mú ọ̀kan wálé kí ayé rí i. Ìkejì, má jẹ́ kẹ́nì kankan gbọ́. Ẹran kì í tó àwọn ará àdúgbò rẹ yẹn."

Hàrúnà rẹ́rìn-ín títí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Hàúwà tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn wọlé tòun ti abọ́. "Salamu alaekun! Ẹ kú ìmúra ọdún. Mi ò bèèrè ti àgbò àkọ́kọ́ o. Itan èyí ìkejì ni kẹ́ ẹ fi rántí mi."

Kó tó di ọ̀sán, ẹni mẹ́rin mìíràn ti wá tọrọ itan. Àgbò wo ló ní itan márùn-ún?

Inú bí Hàrúnà. "Bàríkísù, àwa méjì péré la wà ní pálọ̀. Ìwọ lo sọ ọ́! Di ẹrù rẹ, ó di ilé bàbá rẹ!"

"Wallahi, Baba Rokibat, mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀." Omijé bọ́ lójú Bàríkísù. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń pa àṣírí ọkùnrin yìí mọ́. Ó di ẹrù lóòótọ́. "Ẹ bi Hàúwà ibi tó ti gbọ́ kí n tó lọ."

Wọ́n bi í. Hàúwà ní, "Nínú rédíò mi ni. Mo rò pé ẹ sanwó ìkéde ni."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàṣírù atúnrédíòṣe. Ó wo àpótí kékeré náà, ó tan kásẹ́ẹ̀tì, ó wá ń yí rédíò ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn Garba bọ́ jáde gbàgà: "Ẹran kì í tó àwọn ará àdúgbò rẹ yẹn."

"A tún ti ń gbọ́ o!" Hàúwà pariwo láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Bàṣírù wí, "afẹ́fẹ́ ni ohùn yìí ń gbà dé inú sípíkà, afẹ́fẹ́ ò sì mọ ògiri. Rédíò tó bá wà nítòsí, bí wọ́n bá yí i kan ibẹ̀, á gbọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ rédíò kékeré ni àpótí tí ẹ gbé sí yàrá yìí."

Ojú ti Hàrúnà, ó ń fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. "Bàríkísù, jọ̀ọ́, tú ẹrù yẹn."

Bàríkísù jókòó lé ẹrù rẹ̀. "Ibi tí àdúgbò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbò, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Ni Hàrúnà bá gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì tàn án: "Èmi Hàrúnà ni. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Àgbò méjì ni mo ní. Ẹ gbé abọ́ wá lọ́jọ́ Iléyá."

Ariwo ayọ̀ sọ lójúlé mẹ́fà. Bàríkísù tú ẹrù.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ní irú ẹ̀rọ yìí nílé, ẹ fi rédíò yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ń dé. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wá, ẹ yọ àpótí náà kúrò kẹ́ ẹ tó tàn án. Ẹ má sì dá ará ilé yín lẹ́bi láìwádìí. Orin ni ti sípíkà aláìníwáyà; àṣírí, ẹnu sí etí ni.