Bíréèkì Tí Kò Tíì Rí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Lọ́jọ́ tí Dúrótoyè wa Pijó 504 rẹ̀ wọ àdúgbò Gbégamey ní Kùtọnú, àwọn aládùúgbò pa ọjà tì, wọ́n wá wò ó. Ọkọ̀ náà dàgbà ju ẹni tó rà á lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dà funfun tuntun ń dán lára rẹ̀, táyà rẹ̀ sì dúdú bọ̀lọ̀jọ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wá irú rẹ̀, nítorí 504 ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà.

"Ìyá Balqees, di ẹrù rẹ," ó ń yọ̀ mọ́ ìyàwó rẹ̀. "Lọ́jọ́ Sátidé, òun la máa fi gbé àwọn ọmọ lọ kí ìyá rẹ ní Ṣábẹ̀."

Rasidat fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára. Inú rẹ̀ dùn sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n bí i sí.

"Bàbá Balqees, ta ló ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi tí mo wà á láti páàkì tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù ní Sèmè-Kpodji dé ibí ńkọ́? Mo tẹ bíréèkì, ó dúró. Wọ́n sì ti gbàdúrà sí i."

"Àmín àdúrà. Láti Sèmè dé ibí, òkè wo lẹ gùn? Kùtọnú tẹ́jú bí ẹní. Bíréèkì tó ti gbó náà á dúró níbẹ̀. Mi ò ní kó ọmọ sínú ẹ̀, àfi tí Ọ̀gá Romuald bá rí i."

Dúrótoyè bínú. Ó ní ìyàwó òun fẹ́ bu òun kù lójú àdúgbò. Rasidat ní kò burú, bọ́ọ̀sì lòun àtàwọn ọmọ máa wọ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ rí i pé kò ṣeré, ó gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Romuald, aládùúgbò wọn tó ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà. Rasidat tẹ̀ lé e.

Romuald bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin yìí. Méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe táyà. Èyí ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Rọ́bà ẹ̀ ti ń sán, nǹkan dúdú tí wọ́n fi pa á ló bò ó."

Ó ṣí iwájú ọkọ̀. Ọ́ìlì bíréèkì, tó yẹ kó mọ́, ti dúdú bíi kọfí.

"A ó pààrọ̀ táyà," Dúrótoyè dáhùn. "Bíréèkì ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀. Tá a bá ti Ṣábẹ̀ dé, a ó rí sí i."

"Ó dáa," Romuald sọ. "Ẹ jókòó sórí àga awakọ̀, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kẹ́ ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò. Tó bá ń rọra rì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, nǹkan ń jò nìyẹn."

Dúrótoyè fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Nǹkan dún pọ́ọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé ìsàlẹ̀ láìsí ohun tó dá a dúró. Rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà dé bíréèkì ló ti gbẹ tó sì bẹ́, ọ́ìlì sì ń ṣàn sórí iyanrìn.

Dúrótoyè bojú wẹ̀yìn, ó wo àga tí Balqees àti àbúrò rẹ̀ ì bá jókòó sí. Ẹ̀rù bà á gan-an.

"Ká ní orí òkè ni..." Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.

"Ibí la wà," Rasidat sọ. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ká tún un ṣe."

Bọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn wọ̀ lọ sí Ṣábẹ̀ ní Sátidé yẹn. Pijó náà dúró sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má rà á. Àmọ́ kí ẹ tó gbé e rin ọ̀nà jíjìn, ẹ fi han mẹkáníìkì tó mọṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì, kó wo rọ́bà bíréèkì, bẹ́líìtì, rádíétọ̀ àti iná. Ẹ ka ọdún tó wà lára táyà, kẹ́ ẹ sì gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò ìjọba. Ẹ má fi ilẹ̀ tó tẹ́jú nìkan dán bíréèkì wò, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ yẹ ọkọ̀ wò kí ẹ tó kó ọmọ sínú rẹ̀.