Ohùn Tí Mo Gé Kúrò

"Àwọn èrò ló kú, kì í ṣe àwọn olórin!"

"Èrò wo ló kú? Ta ló fẹ́ máa fò sókè fún ẹni tó ń sùn lórí pèpéle?"

Bí àwọn ọ̀rẹ́ wa ṣe ń pariwo mọ́ ara wọn nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọmọkùnrin kan ti bọ́ ẹ̀wù dúdú tí wọ́n ya ààrá sí láyà, ó ká a mọ́ abíyá, ó ní òun ò ní wọ̀ ọ́ mọ́ láyé òun. Ọmọbìnrin kan na ìka sí i nímú, ó ní irú òun gan-an ló ba eré jẹ́, tó káwọ́ gbera bí ẹni tó wá wo òkú. Èmi fara ti ògiri, fóònù mi wà lọ́wọ́ mi, mi ò sọ nǹkan kan. Mo mọ ẹni tó ba eré jẹ́. Èmi ni.

Ààrá Ọ̀sán ni orúkọ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí gbogbo wa fẹ́ràn. Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì kan ló ń lu ìlù, télọ̀ kan ló ń ta gìtá, ẹni tó sì ń kọrin ni ọkùnrin kan tó ń jó irin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn iléèwé wa. Jórinjórin la máa ń pè é. Níbi iṣẹ́, tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò, díẹ̀ ló kù kó o má gbọ́ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n tó bá gun orí pèpéle tó sì ké, gíláàsì ojú fèrèsé á máa gbọ̀n.

A ní àṣà kan tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ míì ò ní. Orin wọn tó lókìkí jù ní ẹsẹ mẹ́ta. Tí Jórinjórin bá kọ ẹsẹ kejì tán, á dákẹ́, á na máìkì sí wa. Àwa èrò la máa ń kọ ẹsẹ kẹta, òun kì í kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e, kí gbogbo ilé tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹni yẹn ni ọ̀rẹ́ mi, Agogo. Láti ọdún tá a ti wọ iléèwé girama la ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àwọn ọmọ kíláàsì ló sọ ọ́ ní Agogo, torí tó bá rẹ́rìn-ín ní kíláàsì wa, tíṣà tó wà ní kíláàsì kẹta sí tiwa á bèèrè pé ta nìyẹn.

Èmi ò lóhùn ní tèmi. Tí mo bá ń kọrin nílé, ìyá mi á ní kí n jọ̀ọ́, àwọn aládùúgbò ò ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n mo mọ fídíò ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Oníkámẹ́rà. Èmi ni mò ń bójú tó ojú ewé àwọn olólùfẹ́ Ààrá Ọ̀sán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orí mi sì ń wú sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ń tẹ̀ lé wa. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Gbogbo fídíò tí mo bá gbé síbẹ̀, ẹnì kan ò ní ṣàìkọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé orin lẹ gbà sílẹ̀ ni àbí ariwo àwọn ọmọ iléèwé?"

Ní ọ̀sẹ̀ tí eré náà máa wáyé, Jórinjórin pe èmi àti Agogo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní adarí gbọ̀ngàn ńlá kan ń bọ̀ láti ìlú míì wá wo àwọn. Bí eré bá dùn mọ́ ọn, á gbà wọ́n síbẹ̀ láti máa ṣeré fún odidi oṣù kan.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má fi mí sílẹ̀ o," ó ní, ó ń fi etí ẹ̀wù nu gíláàsì ìbojú tó fi ń ṣiṣẹ́. "Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Tí n bá ti gbọ́ yín ní ẹsẹ kẹta, ara mi á balẹ̀."

"Bùrọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀," Agogo dá a lóhùn. "Tí wọn ò bá gbọ́ mi ní ìlú kejì, kẹ́ ẹ máa pè mí ní abọ́ ike."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ti ń ronú ibi tí màá dúró sí kí fídíò mi lè mọ́ kedere.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé, gbọ̀ngàn ti kún. Iwájú pátápátá lèmi àti Agogo wà. Ká sọ òótọ́, eré náà ò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ohùn Jórinjórin ń gbọ̀n nínú orin àkọ́kọ́, okùn gìtá télọ̀ sì já nínú ìkejì. Ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́. Gbogbo èèyàn ń dúró de orin ọjọ́ náà, torí a mọ̀ pé tó bá ti kan ẹsẹ kẹta, ilé á gbiná.

Ó kàn án. Jórinjórin kọ ẹsẹ kejì tán, ó na máìkì sí wa. Agogo fa èémí sínú, ó la ẹnu. Mo na ọwọ́ òsì mi, mo fi bo ẹnu rẹ̀.

"Ṣùúù! Ẹ dákẹ́, mò ń gbà á sílẹ̀!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa gbọ́ mi. Ìlù ò jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó sọ ọ́, wọ́n sì rò pé ètò tuntun ni. Àwọn náà yíjú sẹ́yìn, wọ́n ní káwọn tó tẹ̀ lé wọn dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni "ṣùúù" náà rìn títí dé ògiri ẹ̀yìn. Lọ́kàn mi, mo rò pé tí Jórinjórin bá rí i pé a dákẹ́, á kọ ẹsẹ náà fúnra rẹ̀, èmi nìkan láyé ni màá sì ní fídíò rẹ̀ láìsí ariwo ọmọ iléèwé kankan níbẹ̀.

Kò kọ ọ́. Máìkì náà wà ní nínà síwájú wa. Ilé pa lọ́lọ́, àfi ìlù nọ́ọ̀sì tó ń lọ lóun nìkan. Mo rí ojú Jórinjórin nínú fóònù mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú, ó sì wá wolẹ̀ bó ṣe máa ń wolẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbìyànjú láti mú ẹsẹ náà, ohùn rẹ̀ há, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Látìgbà yẹn, kò gbójú sókè mọ́ títí wọ́n fi parí. Adarí gbọ̀ngàn, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù búráùn, gbé báàgì rẹ̀, ó jáde nígbà tó ku orin mẹ́ta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ká tó bá ara wa lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ariwo yẹn lẹnì kan ti ké pé, "Agogo dà? Ṣebí òun ló yẹ kó gbé e?"

Gbogbo ojú yí sí Agogo. Agogo wò mí. Mo wo fóònù mi.

"Ọ̀fun ló ń dùn mí," ó ní, ó sì bá ọ̀nà ilé lọ.

Nígbà tí mo délé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo wo fídíò náà. Kò sí irú ẹ̀ rí. Gbogbo rẹ̀ mọ́ gaara, àfi ibì kan tí "Ṣùúù! Ẹ dákẹ́" ti jáde ketekete, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ pé ohùn mi ni. Mo gé ibẹ̀ kúrò. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni. Mo gbé èyí tó kù sórí ojú ewé wa, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wò ó fúnra yín, kẹ́ ẹ sọ ẹni tó jẹ̀bi."

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ogun ẹgbẹ̀rún èèyàn ti wò ó. Wọ́n pín sí méjì. Àwọn kan ní ti Jórinjórin ti tán, kó padà sídìí irin rẹ̀. Àwọn kan ní kí lolórin fẹ́ ṣe fún èrò tó gan bí igi? Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé Agogo ò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ya àwòrán agogo tó fọ́. Ẹlòmíì ní bóyá ìlara ló ń ṣe é. Irú fídíò tí mo ti ń wá látọjọ́ yìí rèé, mi ò sì lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bí n bá ti gbọ́ tí fóònù dún, màá dà á dojú bolẹ̀.

Ìyá mi, tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ní ọsibítù, ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nílé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú nígbà tó kíyè sí mi.

"O ti fọ abọ́ kan yẹn lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní. "Ṣé ó ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Hẹn-ẹn. Kò-sí-nǹkan-kan yìí ti wá ń tóbi ju ilé wa lọ o."

Ó yẹ kí n sọ fún un. Mo nu abọ́ náà, mo gbé e sípò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ibi tí mo máa ń jókòó nìkan ló ṣófo lórí bẹ́ǹṣì wa nígbà tí mo débẹ̀, Agogo wà níbi tiẹ̀, kò sì kí mi. Nígbà tó lọ kọ nǹkan sójú pátákó, àwọn ọmọkùnrin ẹ̀yìn fi ṣíbí lu kọ́ọ̀pù, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò wẹ̀yìn. Mo dúró dìgbà ìsinmi kí n tó sún mọ́ ọn.

"Kí ló dé tó ò sọ fún wọn?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè," ó ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ̀ sí i. "Mo ní o máa sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. O ò sọ ọ́. Mo ní o máa sọ ọ́ tó o bá délé. Mo wá wo fídíò yẹn, mo rí ibi tó o ti gé e." Ó ń kó ìwé rẹ̀ sínú àpò. "Ọwọ́ rẹ ṣì wà lẹ́nu mi."

Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ojú tì mí débi tí mi ò lè gbé orí sókè.

Bí wọ́n ṣe jáde iléèwé, ọ̀dọ̀ Jórinjórin ni mo gbà lọ. Ó ń jó ilẹ̀kùn onírin kan pọ̀. Nígbà tó rí mi, ó pa iná, ó gbé ìbojú rẹ̀ sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìmí, mo sì ń sunkún lọ́wọ́.

"Iná pèpéle ò jẹ́ kí n rí yín dáadáa, mo rò pé mo ti sú yín ni," ó ní. "Gbogbo orin tí mo kọ lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí mò ń rò nìyẹn."

"Ẹ má bínú, bùrọ̀dá. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin yẹn, kí n ṣàlàyé fún un."

"Ó ti pè láàárọ̀ yìí. Ó ti mú ẹgbẹ́ míì." Ó mi orí. "Kí lo tún fẹ́ sọ fún un? Pé àgbàlagbà bíi tèmi ò lè kọ ẹsẹ kan tí wọn ò bá bá mi gbé e? Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tiẹ̀ ni kó o lọ tún ṣe."

Ó fa ìbojú rẹ̀ wálẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìdúró ni mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà tí mo fi gbé fídíò tí mi ò gé sórí ojú ewé wa. Mo kọ ọ́ pé, "Ohùn mi lẹ gbọ́ yẹn. Èmi ni mo bo Agogo lẹ́nu. Èmi náà ni mo gé e kúrò." Àwọn tó ti ń bá ara wọn jà látọjọ́ Sátidé wá para pọ̀, wọ́n sì dojú kọ mí. Wọ́n bú mi, wọ́n gba ojú ewé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fún ẹlòmíì. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó sùn. Agogo ò fèsì kankan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ààrá Ọ̀sán ṣeré ní gbọ̀ngàn iléèwé wa lẹ́yìn ìdánwò. A ò ju ọgọ́rin lọ. Mo fi fóònù mi sílé. Agogo dúró sẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Jórinjórin kọ ẹsẹ kejì tán, ó na máìkì sí wa. Mo wẹ̀yìn. Agogo pa ẹnu mọ́. Kò sẹ́ni tó gbé e.

Mo bá gbé e. Èmi tí mi ò lóhùn! Ohùn mi ya bí aṣọ ogbó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ojú mi gbóná, ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́. Mo kọ ìlà kìíní tán lémi nìkan, mo bọ́ sí ìkejì.

"O ti gbé e ga jù!" Ohùn kan ké láti ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn yẹn. Agogo gbà á lẹ́nu mi, ó sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tó yẹ kó wà, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu tiẹ̀. Jórinjórin gbójú sókè.

Títí dòní, àwọn kan ṣì ń jiyàn bóyá olórin ló ba eré gbọ̀ngàn ìlú jẹ́ tàbí èrò. Mi ò bá wọn dá sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo mọ̀ ni mò ń sọ fún yín: tẹ́ ẹ bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ tètè sọ pé ẹ̀yin ni. Ká ní mo la ẹnu mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni ì bá jẹ́. Mo pa á mọ́ fún ọjọ́ méjì, ọ̀rẹ́ mi ló sì bá mi ru ẹrù rẹ̀.

Agogo ti padà sórí bẹ́ǹṣì wa. Àpò rẹ̀ ló máa ń gbé sáàárín èmi àti òun. Mi ò tíì ní kó gbé e kúrò.