Ìka Mẹ́ta Tí Jamyra Nà

"Ohun tí òyìnbó yẹn ń wá lọ́dọ̀ wa gan-an ni kò yé mi," Jamyra wí, ó ń kun èékánná rẹ̀. "Ṣebí wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn ní yunifásítì òdìkejì ìlú? Kó gba ibẹ̀ lọ."

Àwọn ọmọbìnrin tó kù ní yàrá ìgbafẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Annelise Hutto ló ń bú. Òun nìkan ni aláwọ̀ funfun ní kíláàsì wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú yìí, ní Alabámà, ní Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ wọ Ẹgbẹ́ Arábìnrin Àtùpà, ẹgbẹ́ tí mo ti wà láti ọdún tó kọjá. Jamyra náà ń wá ọ̀nà àtiwọ ẹgbẹ́ náà lójú méjèèjì. Ní Sátidé, ọkọ̀ Annelise ló ń gbé àwọn ìyá arúgbó ládùúgbò tí kíndìnrín ń dà láàmú lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Ní ti Jamyra, bí ìyá arúgbó bá ṣubú níwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ń ya fọ́tò. Iwájú dígí ló ti ń lo Sátidé tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì ìka, igbe àti ijó tirẹ̀, kò sì sí ọmọ dúdú tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò mọ òfin yìí: bí o kò bá tíì wọ ẹgbẹ́, o kò gbọdọ̀ na ìka wọn, o kò gbọdọ̀ ké igbe wọn, o kò gbọdọ̀ jó ijó wọn. Ẹni tó bá dán an wò ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́.

Òfin yìí ni Jamyra fẹ́ fi ti Annelise síta. Ó lọ bá Màmá Vernell, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa, ó ní Annelise ń na ìka wa ní yàrá rẹ̀, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Màmá pe àwọn méjèèjì síwájú wa.

"Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mà," Annelise wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe."

"Irọ́ ló ń pa," Jamyra wí. "Mo fojú mi rí i lẹ́ẹ̀kan."

"Ó dáa, ọmọ mi," Màmá wí. "Báwo ló ṣe ṣe é?"

Jamyra ò tiẹ̀ rò ó. Ó na ìka mẹ́ta síwájú orí, ó yí ọrùn ọwọ́ bí a ti ń yí i gẹ́lẹ́, ó sì fi ohùn tín-ín-rín ké igbe wa láì ṣi ibì kan. Ó tún fi ijó wa lé e. Ó pẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ ọrùn ọwọ́ yẹn yí.

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré lo rí i, o wá mọ̀ ọ́n tó báyìí?"

Ọwọ́ Jamyra ṣì wà lókè. "Màmá, òyìnbó mà ni. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ló tilẹ̀kùn mọ́ yín."

"Wọ́n tì í. Mo wà níbẹ̀, ìwọ ò sí níbẹ̀. Ìdí tá a fi kọ́ ilé tiwa nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́, kó wọlé. Ìwọ tí àwọ̀ rẹ jọ tèmi, irọ́ lo fi ń kanlẹ̀kùn. Máa lọ sílé."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ ń bá a. Ti Jamyra ò tiẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, Annelise bá àwọn arábìnrin rẹ̀ tuntun jó lórí pápá. Kò mọ̀ ọ́n jó dáadáa, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń pẹ́ délẹ̀, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, àwọ̀ ara kì í báni ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì fi irọ́ gbẹ́ kòtò fún ẹnì kejì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jìn sí i. Jamyra wà lẹ́yìn èrò lọ́jọ́ náà. Ó mọ gbogbo ijó yẹn ju Annelise lọ, ṣùgbọ́n inú àpò ló ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ̀.