Ojú Oórì Albert

Ọ̀rẹ́olúwa da omi sórí òkúta náà, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Tí èèyàn bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi ìdọ̀tí á ṣàn wálẹ̀, á sì fa ìlà sára òkúta gbígbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni lẹ́tà ń yọ lábẹ́ èérí: Albert Fraser, ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Kánádà, ọmọ ogún ọdún. Ibi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù ogun lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà ni bàálù rẹ̀ ti já lulẹ̀, tó sì kú, ní 1943.

Tíṣà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fọ sàréè kan, kí ó sì kọ ìtàn ẹni tó wà níbẹ̀ sórí ìkànnì ilé ìwé. Ohun kan ṣoṣo ni Ọ̀rẹ́olúwa rí nínú ìwé ìròyìn àtijọ́: wọ́n sin Albert láìsí ẹbí rẹ̀ kankan níbẹ̀.

"Fi irọ́ díẹ̀ kún un," ni Sharon ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Àbí Albert ló máa dìde wá já ẹ nírọ́?"

Ọ̀rẹ́olúwa rántí ọjọ́ tí wọ́n sin Fọlábí àbúrò rẹ̀ ní ìlú Wylie. Màmá kò tẹ̀ lé wọn dé itẹ́ òkú, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ló bá kọ ọ́ pé ìyá Albert náà kọ̀, kò fẹ́ rí sàréè ọmọ rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà kan dé sọ́wọ́ tíṣà láti Kánádà. Àbúrò Albert obìnrin, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, tó ti ka ìtàn náà lórí ìkànnì, ló kọ ọ́. "Ìyá wa kò kọ̀ o. Ogun ló dínà. Nígbà tí ogun sì máa parí, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Títí ó fi kú ló ń bèèrè bí òkúta ọmọ òun ṣe rí. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan sọ fún un."

Màmá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Mà, mi ò mọ̀ pé ẹbí rẹ̀ kan ṣì wà láyé tó máa kà á."

"Tí kò bá sí, ṣé irọ́ náà á wá di òótọ́ ni?"

"Kí ni mo lè ṣe fún ìyá yẹn báyìí?"

"Kò sí." Màmá ká lẹ́tà náà. "Èmi gan-an, tí kì í bá ṣe àṣà ni, ǹ bá ti lọ wo ti Fọlábí. Tún ìtàn yẹn kọ. Kó o sì ya fọ́tò òkúta náà ránṣẹ́ sí àbúrò Albert."

Ní àárọ̀ Sátidé, Ọ̀rẹ́olúwa dúró títí oòrùn fi tàn láti ẹ̀gbẹ́, tí òjìji wọ inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà ni orúkọ náà tó ṣeé kà. Ó ya fọ́tò náà, ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìtàn tuntun àti ẹ̀bẹ̀.

Èsì kò gùn: "Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìyá wa. Ó ti pẹ́ jù fún un. O ṣeun, ọmọ mi."

Gbólóhùn yẹn ni gbogbo èrè Ọ̀rẹ́olúwa. Ó dùn ún, ó sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n: òkú kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ irọ́, nítorí náà, kí alààyè wádìí kó tó kọ ìtàn òkú.